Nígbà Tí Ìlù Àyà Bá Dàrú: Ọ̀rọ̀ Lórí Àìsàn Ọkàn Kan àti Iṣẹ́ Wáyà Tí Wọ́n Fi Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará àti ìdílé wọn sọ níbi ìpàdé ìlera ní Ẹdẹ

  Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè kan tí ìdílé kan gbé wá sí ọ̀dọ̀ àwọn aṣáájú wa. Bàbá wọn ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìlùkulù, wọ́n sì pe orúkọ àìsàn náà ní atrial fibrillation. Ọmọ rẹ̀ kan tó wà lókè òkun wá fóònù pé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní catheter ablation, pé wọn kì í la àyà, wáyà ni wọ́n ń tì bọ inú ọkàn láti itan, pé kí wọ́n ta ilẹ̀ tó wà lọ́nà Òṣogbo kí wọ́n gbé bàbá lọ sí Íńdíà. Àwọn tó wà nílé ní rárá, pé àwọn ọ̀tá ló ń lu bàbá láyà lóru, pé ilẹ̀ kò ní í tà. Ìdílé pín sí méjì, wọ́n sì bi wá pé èwo ni kí àwọn ṣe.

Dókítà tó ń tọ́jú bàbá ló lè sọ èyí tó kan bàbá gan-an. Èmi nọ́ọ̀sì ni mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kan ilé kan ṣoṣo, torí ẹni tó ní àìsàn yìí láàárín wa tí kò tíì mọ̀ lè ju ẹni tó mọ̀ lọ.

A wà ní Ẹdẹ, ẹ ò ní í bá mi jiyàn lórí ìlù. Tìmì Adétòyèsè Láoyè, tó jọba láti 1946 títí di 1975, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọba yẹn fi ń lu dùndún, òkìkí rẹ̀ sì kàn kọjá Nàìjíríà nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ agbo dùndún mọ̀ pé ìyáàlù ló ń darí, àwọn yòókù ń tẹ̀lé e. Ọkàn wa náà rí bẹ́ẹ̀. Yàrá mẹ́rin ló ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Nínú yàrá òkè apá ọ̀tún, ibì kékeré kan wà tó ń tú iná mànàmáná wẹ́wẹ́ jáde fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó tàn án, láìsí ẹni tó lè já a nítorí owó iná. Ibẹ̀ ni ìyáàlù wà. Bó bá lù lẹ́ẹ̀kan, iná náà á ran yàrá òkè méjèèjì, á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, á wá sọ̀ kalẹ̀, àwọn yàrá ìsàlẹ̀ á sì fún ẹ̀jẹ̀ jáde sí gbogbo ara. Nígbà tí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ìgbà 60 sí 100 ló ń ṣe èyí ní ìṣẹ́jú kan.

Nínú atrial fibrillation, wọn ò gbọ́ ti ìyáàlù mọ́. Ó dà bí ẹni pé ọgọ́rùn-ún ọmọdé já wọ agbo, tí kálukú mú kọ̀ǹgọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, tó ń lu ohun tó wù ú. Yàrá òkè kò fún ẹ̀jẹ̀ mọ́, ó kàn ń gbọ̀n ni, iná tó ń ṣẹ́ yẹ́ríyẹ́rí nínú rẹ̀ sì lè ju 350 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnu ọ̀nà àárín kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kọjá, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èèyàn ò ní í yè é. Ṣùgbọ́n èyí tó bá kọjá, kò ní ètò: á lù lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, á dákẹ́, á lù lẹ́ẹ̀kan, á tún lù lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwọn kan á ní nǹkan ń fò láyà àwọn bí ẹja tó wà nínú agbada. Àwọn kan á kàn ṣàkíyèsí pé ó ń rẹ àwọn, pé àwọn ò lè rìn dé ọjà mọ́ láìsinmi, pé òòyì ń kọ́ àwọn. Àwọn mìíràn kò mọ ohunkóhun lára rárá.

Kì í ṣe gbígbọ̀n yẹn fúnra rẹ̀ ló burú jù. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró lójú kan á dì, gbogbo ẹni tó ti pa ẹran rí ló mọ̀. Yàrá òkè apá òsì ní àpò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó rí bí etí. Bí yàrá bá ń gbọ̀n dípò kó máa fún, ẹ̀jẹ̀ á jókòó sínú àpò yìí, á dì bí ẹ̀kọ tó tutù. Lọ́jọ́ kan, èyí tó dì náà á já, á bá ẹ̀jẹ̀ ṣàn lọ, bó bá sì dé iṣan tó lọ sí ọpọlọ, á dí i pa. Bí ẹlòmíràn ṣe ń jí láàárọ̀ tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá àti ẹsẹ̀ kan kò gbé mọ́ nìyẹn. Ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fún ẹni tó ní àìsàn yìí tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tí kò ní i. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sùn láyọ̀ tó sì jí pẹ̀lú ẹ̀gbà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é nínú ẹbí, ẹ bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan iṣan ọwọ́ rẹ̀ wò rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí iṣẹ́ wáyà. Ta ló kó àwọn ọmọdé wọ̀nyẹn wọ agbo? Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi rò pé gbogbo ara yàrá òkè ni ẹ̀bi náà wà. Ní 1987, oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ James Cox bẹ̀rẹ̀ sí í la àyà àwọn aláìsàn, ó ń gé ara yàrá òkè, ó sì ń rán an padà, kí ojú àpá lè dínà mọ́ iná tó ń ṣáko, nítorí àpá kì í gbé iná kọjá. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni mélòó ni a fẹ́ máa la àyà fún? Ní 1998 ni Michel Haïssaguerre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, wá tẹ ìwádìí kan jáde. Ẹni 45 péré ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n fi wáyà tọ ipasẹ̀ iná aṣáko náà títí wọ́n fi bá a dé orírun, wọ́n sì rí i pé 94 nínú 100 àwọn orírun náà wà nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró wá sí yàrá òkè apá òsì. Iṣan mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní níbẹ̀. Bí ẹni ń wá olè káàkiri ìlú, tó wá rí i pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé mẹ́rin ni wọ́n ń gbà wọlé! Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ náà ti di títi ilẹ̀kùn mẹ́rin yìí pa.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn oorun. Wọ́n á gún iṣan ńlá kan níbi tí itan ti pàdé abẹ́ ikùn, wọ́n á ti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní wáyà nínú gba inú iṣan náà lọ sókè títí dé yàrá òkè apá ọ̀tún. Nítorí pé apá òsì ni iṣẹ́ wà, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ lu ihò wẹ́rẹ́ sára ògiri tó pín yàrá méjèèjì kí wọ́n tó lè kọjá. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ihò náà ń dí padà fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á máa ya àwòrán yàrá náà bí wọ́n ti ń lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá jó ẹnu iṣan kọ̀ọ̀kan yíká-yíká, bí ẹni ń ṣọgbà yí oko ká, tí ojú àpá á fi di odi tí iná kò lè fò. Àwọn mìíràn kì í jó o, òtútù ni wọ́n ń lò: wọ́n á fẹ́ rọ́bà kékeré kan bíi fèrè ọmọdé sẹ́nu iṣan, wọ́n á sì rọ gáàsì tó tutù ju yìnyín lọ sínú rẹ̀. Irú kẹta wà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí láàárín ìparí 2023 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Iná mànàmáná tó ń ṣẹ́jú wàì-wàì ni wọ́n fi ń pa àwọn ẹran ara tó ń ṣàìgbọràn níbẹ̀, láìjó, láìdì. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ń sùn mọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé lọ́jọ́ kejì.

Ẹ rántí Tony Blair, tó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ní oṣù kẹwàá 2003, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nítorí àyà rẹ̀ ń lù kọjá ààlà, wọ́n fi iná gbọ̀n ọ́n padà sí ètò. Nígbà tí nǹkan náà tún yọjú, ó lọ sí Hammersmith Hospital ní London ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2004, wọ́n ṣe iṣẹ́ wáyà fún un, ó sì ń bá ìjọba lọ títí di 2007. Irú tirẹ̀, tí ìròyìn ìgbà náà pè ní atrial flutter, àbúrò atrial fibrillation ni. Títọ́jú rẹ̀ rọrùn ju ti ẹ̀gbọ́n lọ, torí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ní apá ọ̀tún ni wọ́n sábà ń dí. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ ìròyìn Blair rò pé bó ṣe rí fún un náà ni yóò ṣe rí fún gbogbo ènìyàn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí àìsàn tiwọn ń wá tó ń lọ, bíi 70 nínú 100 ni ara wọn ń balẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn tí tiwọn ti jókòó pa fún ọdún pípẹ́, kò tó bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì gbọ́dọ̀ padà lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ewu náà wà. Nínú bíi ọgọ́rùn-ún ènìyàn, wáyà lè lu ọkàn ẹnì kan já, kí ẹ̀jẹ̀ kún àpò tó yí ọkàn ká. Ẹ̀jẹ̀ lè dì lórí tábìlì kó lọ sí ọpọlọ. Jíjó lè kan ọ̀nà oúnjẹ tó wà lẹ́yìn ọkàn. Èyí ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n ó ń pa ni. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́ yàtọ̀ sí ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é kò gbọdọ̀ tijú láti bèèrè iye tí dókítà ti ṣe.

Ohun tí iṣẹ́ náà lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ní 2019, èsì ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní CABANA jáde. Ẹni 2,204 ni wọ́n pín sí méjì; apá kan ṣe iṣẹ́ wáyà, apá kejì lo oògùn, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún bí ọdún mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó kú, àwọn tí rọpárọsẹ̀ sọ di aláìlera, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ya lára wọn, àti àwọn tí ọkàn wọn dáwọ́ dúró, ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá méjèèjì kò tó èyí tí ẹnì kan lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ṣùgbọ́n ara àwọn tó ṣe iṣẹ́ wáyà balẹ̀ jù, àìsàn náà kò sì padà wá bá wọn tó bó ṣe padà bá àwọn tó ń lo oògùn. Ìwádìí mìíràn, CASTLE-AF ní 2018, wo ẹni 363 tí ọkàn wọn ti rẹ̀ pẹ̀lú àìsàn yìí. Níbẹ̀, 25 nínú 100 àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ wáyà ló kú. Nínú àwọn tó ṣe é, bíi 13. Nítorí náà, ẹni tí ìlù náà ń dà láàmú gan-an láìka oògùn sí, tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀ nítorí rẹ̀, òun ni iṣẹ́ yìí wúlò fún jù.

Àwọn kan tún wà tí kò kàn rárá. Ní oṣù karùn-ún 1991, George Bush àgbà, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, ń sáré ìdárayá nígbà tí èémí rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: atrial fibrillation ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, ọ̀fun ló ti wá, kókó inú ọrùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Oògùn dá ọkàn padà sí ètò, wọ́n sì tọ́jú ọrùn náà. (Ìyàwó rẹ̀ Barbara ti ní irú àìsàn ọrùn kan náà ṣáájú rẹ̀, ìjọ aráyé ya ẹnu nígbà náà pé tọkọtaya.) Kí ẹnikẹ́ni tó máa ta ilẹ̀ nítorí ìlù àyà, ǹjẹ́ wọ́n ti yẹ ọrùn wò? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ni. Ǹjẹ́ wọ́n ti bèèrè nípa ògógóró àti paraga? Ọtí líle ń da ìlù ọkàn rú, àwọn kan wà tó jẹ́ pé jíjáwọ́ níbẹ̀ ni oògùn wọn.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ohun méjì ló ń fa àìsàn yìí jù, kò sì sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìlù dàrú nínú méjèèjì. Èkíní ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lòdì sí agbára fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, ara rẹ̀ á nípọn, yàrá òkè á fẹ̀, ibẹ̀ ni iná á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáko. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 wo ẹni 1,006 tí ọkàn wọn ti rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ti bíi ìdajì wọn, bíi ẹnì kan nínú márùn-ún ló sì ní atrial fibrillation. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn, 52 ni. Ní Amẹ́ríkà, ẹni àádọ́rin ọdún ló máa ń wà lórí ibùsùn yẹn. Níbí, ẹni tó ṣì ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni.

Ìkejì ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀fun ọmọdé. Ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí a kò fún ní oògùn tó yẹ lè di ibà kan tó ń jẹ oríkèé ara, tó sì ń bu ilẹ̀kùn ọkàn jẹ. Ọdún á gorí ọdún, ọmọ á dàgbà, á lọ́kọ, nígbà tó bá wá lóyún ni èémí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Nínú ìwádìí kan tó gba orílẹ̀-èdè 47 já, bíi 22 nínú 100 àwọn ará Áfíríkà tó ní atrial fibrillation ló ní irú ilẹ̀kùn ọkàn tó bàjẹ́ yìí; ní Àríwá Amẹ́ríkà, 2 péré. Títi ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé mẹ́rin kò ní í tún ilẹ̀kùn àárín ilé tó ti fọ́ ṣe. Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tí ọ̀fun ń dùn tí ara rẹ̀ sì ń gbóná, ẹ gbé e lọ kí wọ́n wò ó. Ẹ má kàn fi lẹ́ẹ̀mù àti oyin tì í.

Ìwádìí orílẹ̀-èdè 47 yẹn náà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo. Ẹni 15,400 tó wá sí yàrá pàjáwìrì pẹ̀lú àìsàn yìí ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún kan, èsì rẹ̀ jáde nínú The Lancet ní 2016. Ní Àríwá Amẹ́ríkà, Ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù àti Ọsirélíà, 10 nínú 100 ti kú kí ọdún tó yí po. Ní Áfíríkà, 20. Rọpárọsẹ̀ kọ lu 8 nínú 100 àwọn tiwa, kò sì sí ibòmíràn tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àìsàn kan náà, orúkọ kan náà, ikú ìlọ́po méjì. Kì í ṣe àìsí iṣẹ́ wáyà ló fà á, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn ibẹ̀ náà kì í ṣe iṣẹ́ wáyà. Lójú tèmi, ohun tó fà á ni pé wọ́n ń tètè rí i lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń fún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Oògùn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí. Èyí tó pẹ́ jù tí ó sì wọ́pọ̀ ni warfarin. Bí aládùúgbò yín bá sọ fún yín pé oògùn eku ni, kò parọ́. Ní nǹkan bí 1920 sí 1930, màlúù àwọn àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ń kú, ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn láìdá, nítorí koríko kan tó bu tí wọ́n jẹ. Karl Paul Link àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní yunifásítì Wisconsin wá ohun tó wà nínú koríko náà rí. Wọ́n kọ́kọ́ tà á láti fi pa eku ní 1948. Ní 1954 wọ́n fọwọ́ sí i fún èèyàn, nígbà tó sì di 1955 wọ́n lò ó fún Eisenhower, ààrẹ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ohun tó pa eku ni àpọ̀jù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní INR lóòrèkóòrè. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ní atrial fibrillation, wọ́n fẹ́ kí ó wà láàárín 2 àti 3. Bó bá lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dì. Bó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ á ya.

Ẹni tó ń lo warfarin lè jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewédú, ṣọkọ àti ugu, ṣùgbọ́n kó máa jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n kan náà; kó má jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yìí ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò sí rárá. Kó má da àgbo pọ̀ mọ́ ọn, torí pé a kò mọ ohun tí ewé kan ń ṣe sí i títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi máa jáde ní imú. Kó má lo oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac láìbéèrè. Obìnrin tó bá rò pé òun lóyún, kó sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà. Bí ààwẹ̀ bá dé, kó ṣètò àkókò oògùn rẹ̀ pẹ̀lú dókítà kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan lára wa ń rí fífi oògùn sílẹ̀ bí ẹ̀rí ìgbàgbọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dì kò ní í fi ìyẹn ṣe nǹkankan.

Àwọn oògùn tuntun wà, bíi apixaban àti rivaroxaban, tí kò nílò àyẹ̀wò INR, ṣùgbọ́n owó wọn ju ti warfarin lọ. Fún àwọn tí ibà ìgbà èwe ba ilẹ̀kùn ọkàn wọn jẹ́, ìwádìí INVICTUS ní 2022 fi hàn pé irú oògùn warfarin ló dáàbò bò wọ́n ju rivaroxaban lọ. Aspirin ńkọ́, tí gbogbo wa ń rà ní kẹ́mísì? Ìwádìí AVERROES ní 2011 fi apixaban wé aspirin lára ẹni 5,599 tó ní àìsàn yìí. Lọ́dún kan, rọpárọsẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì tó dí iṣan ibòmíràn lára kọ lu bíi 37 nínú 1,000 àwọn tó lo aspirin, àti 16 nínú àwọn tó lo apixaban, ẹ̀jẹ̀ yíya tó le kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń fi aspirin dípò, ó rò pé òun ti tilẹ̀kùn ni, kò tì í.

Bákan náà, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ wáyà pàápàá kò ní í dá oògùn yìí dúró lọ́jọ́ kejì. Oṣù méjì sí mẹ́ta ni gbogbo wọn fi ń lò ó lẹ́yìn rẹ̀ ó kéré tán. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí tó ti dàgbà, tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí, dókítà ni yóò sọ bóyá yóò máa lò ó lọ.

Ìdílé tó bi wá léèrè náà, èrò tèmi nìyí. Ẹ má tíì ta ilẹ̀, ẹ má sì pe ẹ̀rọ ECG ní irọ́. Ẹ gbé bàbá lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọkàn ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ní Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀. Kí wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀ kí wọ́n lè rí ilẹ̀kùn inú rẹ̀, kí wọ́n yẹ ọrùn wò, kí wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, kí wọ́n fún un ní oògùn tó ń dín ìyára ìlù kù àti èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ọ̀pọ̀ bàbá ni ara wọn á balẹ̀ ní ibẹ̀ yẹn, tí wọ́n á sì pẹ́ láyé. Bí kò bá balẹ̀, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ wáyà yóò di ọ̀rọ̀ gidi, kí ọmọ tó wà lókè òkun sì gbọ́ pé ìdájọ́ rẹ̀ kò burú, àkókò ni kò tíì tó. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wáyà fún atrial fibrillation ní Áfíríkà, Gúúsù Áfíríkà àti àwọn ilẹ̀ àríwá bí Íjíbítì àti Mòrókò ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní ọ̀dọ̀ wa, yàrá tí wọ́n ti ń ti wáyà sínú ọkàn wà ní Èkó àti ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Kí wọ́n bèèrè níbẹ̀ kí wọ́n tó gba ìwé ìrìnnà. Àwọn tó ní ọ̀tá ni, ẹ máa gbàdúrà lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí bàbá lo oògùn rẹ̀.

Ṣé ó yẹ kó jẹ́ pé olórí ìjọba nìkan ni wọ́n ń ṣe èyí fún? Kò yẹ. Ní 1974 ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ inú ọkàn ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti yunifásítì ní Enugu, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu ló ṣáájú, Magdi Yacoub sì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bá a ṣe é. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀, a ṣì ń wá ọkọ̀ òfuurufú. Ìlú Ẹdẹ yìí kan náà, ní Yunifásítì Redeemer's, ni wọ́n ti ń ka àbùdá kòkòrò àrùn tí gbogbo ayé ń gbọ́ èsì rẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ ibẹ̀ ni ìyá arúgbó yóò ti kú nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Òfin adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ní ètò tirẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, kó lọ ṣe é. Kí àwa tí a ti forúkọ sílẹ̀ sì bèèrè ní kíkọ: ṣé ECG wà nínú rẹ̀? Ṣé INR wà? Ṣé warfarin wà, àbí àpò ara wa ni yóò ti jáde? Mo fẹ́ kí ìdàpọ̀ yìí kọ lẹ́tà náà kí oṣù yìí tó parí, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń ṣojú wa. Owó tí a máa ń dá fún ẹni kan láti lọ sí Íńdíà tó láti ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún gbogbo ilé àdúrà wa.

Ohun tó kù la lè ṣe nísinsìnyí. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ òsì yín sókè. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún sí ọrùn ọwọ́, lábẹ́ àtàǹpàkò. Ẹ má lo àtàǹpàkò fúnra rẹ̀, torí òun náà ní ìlù tirẹ̀ tó lè tàn yín jẹ. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ ka ìlù náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kì í ṣe ìdajì, torí pé àwọn ìlù tó ń ṣáko máa ń fara pamọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ìlù tó ń lọ déédéé, tí kò ju 100 lọ, ó dára. Ẹni tí tirẹ̀ ń tiro, tó ń yára tó ń dúró láìní ètò, kó má bẹ̀rù, kó má sì lọ sílé: tábìlì wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, a ó kọ ìwé fún un láti lọ ṣe ECG. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, ẹ jẹ́ kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kó tó jáde. Àwọn ìyá àgbà ni a ó kọ́kọ́ dá lóhùn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi àga ìwájú sílẹ̀ fún wọn.